Aró Ìyá Àgbà àti iṣan tó ń tàn

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n fi mí sí léraléra, bí mo bá sì ti délé láàárọ̀, bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń kọ́kọ́ kí kí n tó kí ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá mo ti jáwọ́ nínú ìwé kíkọ, rárá o, mo wà.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka tèmi, nọ́ọ̀sì tíátà ni mí. Èmi ni mo máa ń dúró ti dókítà nídìí iṣẹ́ abẹ, tí mo ń na ọ̀bẹ, ẹ̀mú àti òwú sí i kó tó la ẹnu béèrè. Ọdún kẹtàdínlógún rèé. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ, Ìbàdàn náà ni mo ti ń ṣe é. Ilé ìwòsàn tí mo wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ṣì fẹ́ gba owó oṣù.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́nà Bẹẹrẹ. Nǹkan kan wú sí i lẹ́yìn etí ọ̀tún, ó tóbi tó àgbálùmọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ìka lé e, á máa lù lábẹ́ ìka yín bí ọkàn. Ìyá rẹ̀ ní àtikékeré ló ti wà níbẹ̀ bí àmì pupa lásán, ìgbà tí ọmọ bàlágà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n ti fi àgbo wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti gbàdúrà sí i. Ìdìpọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ mọ́ra ni. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn lọ já tààrà sínú èyí tó ń dá a padà, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó yẹ kó wà láàárín wọn láti dín agbára ẹ̀jẹ̀ kù kò sí. AVM ni àwọn dókítà ń pè é.

Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ rí. Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Ọ̀gá wa ò tíì ṣí awọ ara ju ìka méjì lọ tó fi tú, ó sì ń dún. Mo ń ki òwú bọ̀ ọ́, òwú ń rẹ. Ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ń hó bí ẹni tó ń fa ẹ̀kọ gbígbóná mu. Ohun tí ẹni tí kò bá dúró níbẹ̀ rí kò lè mọ̀ nìyí: ẹ̀jẹ̀ ló ń fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́. Ojú ihò tó ti ń jáde gan-an ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ rí. Ọ̀gá ń pariwo, “Sístà, ibo ló ti ń wá? Ẹ bá mi wò ó, ibo ló ti ń wá?” Èmi náà ń wò, pupa ni gbogbo rẹ̀. Láàárín èyí iná tún lọ. Kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, mo fi ìka méjì tẹ ibi tí mo rò pé ó jẹ́, mo sì ń ka orúkọ Ọlọ́run nínú.

Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Báàgì ẹ̀jẹ̀ márùn-ún. Ọmọ náà yè, ó sì ti padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n a fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí a ò mọ ibi tó parí sí. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e jáde, ọ̀gá jókòó sórí àpótí kékeré tí a fi ń gun tábìlì, kò bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ní, “Ká ní iṣan yẹn lè jẹ́ni lóhùn nígbà téèyàn bá pè é.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó wá di pé mo ń kà á káàkiri, òru tí kò bá sí aláìsàn, màá máa ka ti iṣan tó ń jẹ́ni lóhùn.

Níbi tí ohun èlò bá wà, wọn kì í fi ọ̀bẹ kọ́kọ́ kan irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀. Dókítà X-ray á ti rọ́bà tín-ín-rín kan wọlé láti iṣan abẹ́ itan, á máa tì í lọ títí á fi dé ẹnu ìdìpọ̀ náà, á wá fi nǹkan dí i. Ní 1927 ni dókítà kan, Egas Moniz, ti fi oògùn tó ń hàn nínú X-ray ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ èèyàn ààyè ní Lisbon, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń mọ ojú ọ̀nà inú iṣan. Nǹkan tí wọ́n fi ń dí i ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, n-BCA, ọmọ ìyá súpà gúlù tí àwọn ṣọbàtà fi ń lẹ bàtà ni. Bó bá ṣe kan ẹ̀jẹ̀ báyìí, ó ti dì. Kí dókítà má sì pẹ́ kó tó fa rọ́bà rẹ̀ yọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àti rọ́bà àti iṣan á lẹ̀ mọ́ra. X-ray kì í rí gúlù yìí, nítorí náà wọ́n máa ń pò ó mọ́ Lipiodol, òróró èso poppy tí wọ́n ti fi iodine sí, tí Marcel Guerbet ṣe ní Faransé ní 1901. Òmíràn ń jẹ́ Onyx. Èyí ń ṣàn nígbà tó wà nínú omi tó yọ́ ọ, bó bá dénú ẹ̀jẹ̀, omi náà á sá lọ, ohun tó kù á dì bí ẹ̀kọ tó tutù nínú ewé. Omi tó sá lọ yẹn ló ń mú kí ẹnu aláìsàn máa rùn bí ááyù fún bí ọjọ́ kan tàbí méjì. (Bí ẹ bá lọ kí èèyàn yín tó ṣe é, ẹ má bi í pé kí ló jẹ.)

X-ray ni gbogbo wọn ń hàn sí. Dókítà tó bá wá mú ọ̀bẹ lọ́la, lábẹ́ iná tíátà, kò lè máa ya X-ray ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ojú rẹ̀ ló ní. Nínú Onyx, ìyẹ̀fun irin kan tó ń jẹ́ tantalum ló wà níbẹ̀ fún X-ray, ó sì dúdú, tí wọ́n bá la ara, wọ́n á rí iṣan tó dúdú bí ìgò yíǹkì. Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n dúdú kan náà yẹn lè hàn gba awọ ojú bí ẹni fín ara. Ọmọdébìnrin aránṣọ, lẹ́yìn etí, ẹ rò ó wò. Bí ẹ̀rọ iná tí a fi ń jó ẹnu iṣan bá sì kan tantalum, ó lè ta páá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ti wọlé, ibẹ̀ náà sì ni mo ti bá Ìyá Àgbà pàdé.

Aláró ni ìyá tó bí ìyá mi. Ẹ̀yìnkùlé wọn nísàlẹ̀ Màpó, ìkòkò aró mẹ́fà ló wà níbẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kan. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Kí aṣọ tó débẹ̀ (“asọ” ni Ìyá Àgbà ń pè é, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé), wọ́n á ti fi ìyẹ́ adìyẹ tọ ẹ̀kọ sí i lára. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn, òpó gbọ̀ngàn Màpó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ṣíbí wà láàárín wọn. Tí wọ́n bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, kò tíì dúdú o. Àwọ̀ ewé tó ń pọ́n bọ̀ ló máa ń ní, bí ewédú àná. Èmi á ní aró ti bàjẹ́. Ìyá Àgbà á ní, “Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.” Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ohun tí Ìyá Àgbà kórìíra ni aró inú agolo, aró òyìnbó. Ó ní kò lóòórùn, ohun tí kò lóòórùn kò lẹ́mìí. Èmi ò mọ̀ pé aró agolo yẹn ní bàbá, àfi ìgbà tí mo ń ka ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Adolf von Baeyer ni, ará Jámánì. Ní 1880 ó rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe èròjà inú èlú gan-an láìsí ewé, ilé iṣẹ́ BASF sì gbé e wá sọ́jà ní 1897. Kó tó di ìgbà yẹn, ní 1871, ọkùnrin yìí kan náà ti po aró mìíràn tí wọ́n ń pè ní fluorescein. Tí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá bà lé e, á gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì, á sì pọ òmíràn jáde tó mọ́ yòò bí ewé tútù. Ẹni tó gba ìkòkò lọ́wọ́ ìyá mi àgbà ló fún àwa nọ́ọ̀sì ní aró tiwa. Mi ò mọ bí ǹ bá ṣe sọ ọ́ fún un ká ní ó ṣì wà.

Ìmọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe ti tannátanná. Tannátanná ń dáná ara rẹ̀ nínú ikùn. Aró yìí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan nǹkan sí i. George Stokes, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló fún irú ìmọ́lẹ̀ yìí lórúkọ, fluorescence, ní 1852, omi kúnínì ló sì wà nínú ìgò tó ń wò, kúnínì kíkorò tí wọ́n fi ń lé ibà.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi fluorescein ya iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú tó hàn dáadáa, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn méjì ni wọ́n, Harold Novotny àti David Alvis, ní Indiana ní Amẹ́ríkà. Ojú Alvis fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Àwọn ìwé ìròyìn àwọn dókítà ojú ní àwọn ò gbà á, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọkàn ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961. Lónìí, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà bá ń bá ojú jà, aró yẹn ni wọ́n ń fà sí i lápá.

Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ní 1959, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí aró kejì, ICG, tó ti yàrá ìwádìí Kodak jáde. Kodak, àwọn onífíìmù yẹn náà. Ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í hàn sí ojú èèyàn rárá. Ìmọ́lẹ̀ tó kọjá pupa ló ń gbà, ní nǹkan bí 800 nánómítà (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), nǹkan bí 830 ló ń pọ̀ jáde. Kámẹ́rà pàtàkì ló ń rí i. Ẹ ó ní kí ló dé tí wọ́n fi mú èyí téèyàn ò lè rí. Tí iná bá lọ lálẹ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yín ti ìka lẹ́yìn. Pupa lẹ ó rí, àbí? Ẹ̀jẹ̀ ti gbé búlúù àti àwọ̀ ewé mì, pupa nìkan ló ráyè kọjá. Èyí tó kọjá pupa tún ń wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan nínú ẹran ara. Ìyẹn ni pé iṣan tó wà lábẹ́ ẹran, tí ọ̀bẹ kò tíì dé, kámẹ́rà ti ń rí i.

Ní 2003 àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Frankfurt kọ bí wọ́n ṣe ń fa ICG sára aláìsàn kí wọ́n lè mọ̀, lójú ẹsẹ̀, bóyá èèkàn tí wọ́n fi de iṣan tó wú dì dáadáa. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ̀dọ̀ á ti kó ìdajì rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ abẹ wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ńkọ́?

Ohun tí wọ́n wá ń ṣe báyìí ni kí ohun tó ń dí iṣan náà jẹ́ ohun tó ń tàn. Tí aró bá wà nínú ohun tó dì síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ kò lè tètè rí i kó. Dókítà X-ray á fi dí i lónìí, oníṣẹ́ abẹ á tan kámẹ́rà sí i lọ́la, á rí ààlà. Ní Ṣáínà, wọ́n ti po ICG mọ́ Lipiodol fún kókó inú ẹ̀dọ̀. Àwọn mìíràn ṣì ń dán tiwọn wò lára ehoro. Wàhálà kan sì wà níbẹ̀ tí ìyá aláró kankan ò ní retí: púpọ̀ nínú àwọn aró wọ̀nyí, bí wọ́n bá ti há mọ́ra jù, wọ́n á pa iná ara wọn. Ohun tó dí iṣan sì rèé, híhá ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ní 2001, ní Hong Kong, Ben Zhong Tang àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí irú tó ń ṣe òdìkejì. Bí ẹyọ rẹ̀ bá dá wà nínú omi tó yọ́ ọ, á máa yí apá yí ẹsẹ̀, gbogbo agbára tó gbà á bá yíyí lọ, kò ní tàn. Ẹ há wọn mọ́ra, wọn ò ráyè yí mọ́, agbára náà á bá ìmọ́lẹ̀ jáde. Ẹ wo èrò mẹ́rin lẹ́yìn Micra tó ń lọ sí Ìwó Róòdù. Ọwọ́ ò ráyè jù, ẹsẹ̀ ò ráyè nà, ẹnu nìkan ló kù, gbogbo wọn á sì máa fi í ṣiṣẹ́ títí dókè. Irú aró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dán wò fún dídí iṣan, nítorí bó bá ṣe ń dì ni yóò ṣe máa tàn.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sístà, kámẹ́rà dà? Rọ́bà dà? Ta ló máa ti rọ́bà?” Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí. Ìlú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku padà sí ní 1962 láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, nígbà tí kò sí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ mìíràn ní Nàìjíríà, kò yẹ kí irú èmi máa fi ìka méjì wá iṣan nínú òkùnkùn ní ọgọ́ta ọdún ó lé lẹ́yìn náà. Ní tèmi o, fluorescein àtijọ́ ló lè kọ́kọ́ ṣe wá lóore. Ìmọ́lẹ̀ búlúù àti gíláàsì yẹ́lò ló ń béèrè, ojú lásán á rí i. Ó ń jò kúrò nínú iṣan ju ICG lọ, ó ń sọ ìtọ̀ di yẹ́lò, ó sì máa ń rin àwọn mìíràn léèébì. Mo gbà. Mo ṣì fẹ́ ẹ ju ìka mi lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra tọ́ọ̀ṣì elésè àlùkò ní Dùgbẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń gbowó fi ń yẹ náírà wò bóyá ayédèrú ni. 2,500 náírà, lẹ́yìn tí mo ti nájà títí ẹnu fi dùn mí. Mo ra omi tóníìkì, ẹlẹ́rìndòdò kíkorò yẹn, kúnínì wà nínú rẹ̀ títí dòní. Mo pa iná pálọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìgò, ó tàn búlúù rẹ́súrẹ́sú bíi pé òṣùpá wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan án sí gbogbo nǹkan: ògiri, eyín mi, ìwé rẹ̀ tó fi máákà yẹ́lò fà. Mo kọ́ ọ ní èyí tí mo mọ̀, kó kọjú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sí kámẹ́rà iwájú fóònù kó tẹ̀ ẹ́. Ojú wa ò rí nǹkan kan, fóònù rí iná funfun tó ń ṣẹ́jú.

Lẹ́yìn náà ó tan án sórí àga, síbi tí mo ká àdìrẹ Ìyá Àgbà sí, Ìbàdàn dùn tí mo gbà nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù rẹ̀. Mo máa ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọṣẹ oníyẹ̀fun ni mo sì ń lò, mi ò mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe ọṣẹ máa ń fi aró tó ń tàn sí i kí funfun lè funfun. Ibi tó dúdú lára aṣọ náà dúdú bí ilẹ̀ ṣú. Ibi tí ẹ̀kọ ti dí ló ń tàn, òpó Màpó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, gbogbo wọn dúró nínú òkùnkùn, búlúù, pẹ̀lú ṣíbí wọn.

“Mọ́mì, ta ló tan iná síbẹ̀?”

Mo ní kó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.